Bí ẹ ṣe lè yẹ borehole yín wò nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́: ìtọ́sọ́nà fún onílé ní Ìkòròdú

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń kọ́lé ní Ìkòròdú ń béèrè lọ́wọ́ wa ṣáá: "Wọ́n ní mítà 60 ni wọ́n gbẹ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?" Bó bá jẹ́ pé àwọn oníṣẹ́ ti palẹ̀ mọ́ kí ẹ tó béèrè, ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn mọ́. Wákàtí díẹ̀ ni ihò borehole fi ń ṣí sílẹ̀. Tí páìpù bá ti wọlé, tí gravel (òkúta wẹ́wẹ́) sì ti yí i ká, kò sẹ́ni tó tún lè fi ojú lásán rí ohun tí wọ́n ṣe nísàlẹ̀.

Nítorí náà, àsìkò tó yẹ kí ẹ wà níbẹ̀ àti ohun tó yẹ kí ẹ wò la fẹ́ sọ níbí. Kò pọn dandan kí ẹ jẹ́ ẹnjiníà. Ẹ mú téèpù ìwọ̀n, ìwé àti báírò, fóònù tó ń ya fọ́tò, okùn gígùn kan, àti owó tí ẹ kò tíì san tán. Owó tó ṣì wà lọ́wọ́ yín lágbára ju gbogbo ìyókù lọ.

Ìgbà márùn-ún tí ẹ kò gbọ́dọ̀ pa jẹ

Bí iṣẹ́ Èkó kò bá jẹ́ kí ẹ lè dúró láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ rí i pé ẹ̀yin tàbí ẹni tí ẹ fọkàn tán wà níbẹ̀:

- kí wọ́n tó ki ọ̀pá àkọ́kọ́ bọlẹ̀
- nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ti dé ìsàlẹ̀
- nígbà tí páìpù bá ń wọlé
- nígbà tí wọ́n bá ń da gravel àti símẹ́ńtì
- nígbà tí wọ́n bá ń fọ kànga, tí wọ́n sì ń wọn omi

Ẹni tí ẹ máa fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ fún un lówó oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ driller ló ń bọ́ ọ.

Kí rìgì (ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kànga) tó wọ ọgbà

1. Ẹ béèrè ìwé. Àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi àti borehole ní ìpínlẹ̀ Èkó ni Lagos State Water Regulatory Commission, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí LASWARCO. Ẹ kàn sí wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ti ẹ́síteètì, òtẹ́ẹ̀lì, ilé iṣẹ́ tàbí ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe pure water. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn driller ní láísẹ́ǹsì ni Nigeria Integrated Water Resources Management Commission. Ẹ ní kí driller mú tiẹ̀ wá kí ẹ rí i, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé òun wà nílé, ẹ jẹ́ kó lọ mú un wá kó tó gba kọ́bọ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò. Àyẹ̀wò yìí ni wọ́n máa ń ki irin bọlẹ̀ fún, tí wọ́n á rán iná díẹ̀ gba inú ilẹ̀ láti mọ ibi tí yanrìn wà àti ibi tí amọ̀ wà. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ yanrìn àti amọ̀ tó dà lé ara wọn ní ìpele-ìpele. Inú yanrìn ni omi wà. Amọ̀ ló sì ń dí ìdọ̀tí òkè lọ́wọ́ kó má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan o: amọ̀ àti omi iyọ̀ máa ń fara jọ ara wọn nínú àyẹ̀wò yìí. Bí ilẹ̀ yín bá wà létí ọ̀sà, bí Ìpakodò, Báyékù tàbí Ìjẹ̀dè, tàbí tó bá jẹ́ Àgbádárìgì ní apá ibi tí òkun wà, ẹ lọ tọ́ omi borehole àwọn aládùúgbò wò, kí ẹ béèrè bí tiwọn ṣe jìn tó. Ìròyìn aládùúgbò àti ìwé àyẹ̀wò ní láti bá ara wọn mu.

3. Ẹ wá ibi tó jìnnà sí sọ́káwéè. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín borehole àti sọ́káwéè. Ẹ wá wo pulọ́ọ̀tì wa, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 18, gígùn rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 36. Agbára káká ni mítà 30 fi lè jáde níbẹ̀, sọ́káwéè aládùúgbò sì tún wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Lórí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, kò ṣeé ṣe rárá. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ bi àwọn aládùúgbò yín yíká nípa ibi tí tiwọn wà, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ wá mú ibi tó jìnnà sí gbogbo wọn jù, tó sì ga díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, jíjìn kànga, amọ̀ àti símẹ́ńtì ni ẹ máa gbára lé. Ìdí nìyí tí a fi máa fa ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì gùn nísàlẹ̀.

Ẹ tún gbójú sókè. Òpó rìgì ga, ó sì lè kan wáyà iná nígbà tí wọ́n bá ń gbé e dìde. Bí wáyà iná ńlá bá kọjá lórí ibẹ̀, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ má sì gbẹ́ ẹ sábẹ́ ibi tí ẹ máa kọ́ gáréèjì sí lọ́la, torí ọjọ́ tí pọ́ǹpù bá bàjẹ́, páìpù gígùn ni wọ́n máa fà jáde níbẹ̀.

4. Ẹ kọ àdéhùn. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga gáàsì wọ inú òkúta shale, òfin Act 13 ti ọdún 2012 ní kí ilé iṣẹ́ fi tó ìjọba létí ní wákàtí 24 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ gbígbẹ́, kí wọ́n tó da símẹ́ńtì yí páìpù ká, kí wọ́n tó dán agbára páìpù wò, àti kí wọ́n tó fi omi alágbára la òkúta náà. Wọ́n mọ̀ pé olùyẹ̀wò tó bá dé lẹ́yìn tí símẹ́ńtì ti gan, ìwé nìkan ló máa bá. Kànga tiwọn jìn gan-an ju tiwa lọ, ewu rẹ̀ sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè jí ọgbọ́n yẹn lò. Ẹ kọ ọ́ pé: "Driller yóò pe onílé ní wákàtí 24 kó tó ki páìpù wọlé, kó tó da gravel, àti kó tó da símẹ́ńtì. Èyí tó bá ṣe láìpe onílé, onílé kò ní sanwó rẹ̀." Ẹ fi kún un pé iṣẹ́ náà yóò tẹ̀lé ìlànà NCP 027 ti ọdún 2010, èyí tó jẹ́ ìlànà Nàìjíríà lórí gbígbẹ́ kànga omi.

Ẹ pín owó báyìí:

1. Àsansílẹ̀: lẹ́yìn tí rìgì, páìpù àti gravel bá ti wà nílẹ̀, tí ẹ sì ti kà wọ́n.
2. Owó kejì: lẹ́yìn tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, tí yanrìn tí wọ́n wú jáde sì wà lójú yín.
3. Owó kẹta: lẹ́yìn páìpù, gravel, símẹ́ńtì, àti fífọ kànga.
4. Bálàǹsì: lẹ́yìn tí èsì omi bá dé láti láàbù. Èrò tèmi ni pé kí ó má dín ní ìdá 20 nínú 100.

Driller kan lè ní òun kò gbọ́ irú èyí rí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ má sì yí i padà. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, driller pọ̀ ní Ìkòròdú.

Ní ti àsìkò, òpin ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù, bí oṣù kẹta. Ìgbà yẹn ni omi inú ilẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Borehole tó bá rí omi tó pọ̀ nígbà náà kò ní gbẹ mọ́ yín lójú lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù kẹfà lè máa tàn yín jẹ.

Ọjọ́ gbígbẹ́

Ẹ wọn ọ̀pá kan fúnra yín. Àwọn kan ń lo ọ̀pá mítà 3, àwọn kan 4.5, àwọn míràn 6. Ẹ má gba ohun tí wọ́n bá sọ. Ẹ na téèpù sí i, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá so ọ̀pá tuntun mọ́ ọn, ẹ fa ìlà kan sínú ìwé, kí ẹ kọ aago sí i. Ọ̀pá 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 3 ló ń jẹ́ mítà 60. Bí ọ̀pá tó wà nílẹ̀ kò bá ju 14 lọ, mítà 42 ni wọ́n lè gbẹ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sórí rìsíìtì.

Ẹ gba yanrìn ní gbogbo mítà 3. Ẹ ní kí wọ́n bu ohun tó ń jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ (èyí tí wọ́n ń pò, tí wọ́n sì ń rán gba inú ihò nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ), kí wọ́n ṣàn án díẹ̀, kí ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ mítà rẹ̀ sára. Ẹ tò wọ́n tẹ̀léra lórí pákó. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí èyí tó wà nísàlẹ̀ tó gòkè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n dá gbígbẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹrẹ̀ sì máa yí, kí ẹ tó bu tiyín. Ohun tí ẹ máa rí ní Ìkòròdú lókè ni erùpẹ̀ pupa àti yangí. Lẹ́yìn náà ni yanrìn àti amọ̀ á máa pààrọ̀ ara wọn. Yanrìn funfun tó gún ọwọ́, tí hóró rẹ̀ tóbi, tó sì nípọn tó mítà mélòó kan, ni ẹ̀ ń wá. Yanrìn kúlúkúlú tó dà bí ìyẹ̀fun máa ń tẹ̀ lé omi wọlé, ó sì ń pa pọ́ǹpù.

Ẹ má dúró síbi omi àkọ́kọ́. Ẹ máa gbọ́ "Màmá, omi ti dé o!" ní mítà 15 tàbí 20. Òótọ́ ni, omi ti dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi òkè yìí ni sọ́káwéè gbogbo àdúgbò ń ṣàn sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n la amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọjá, kí wọ́n bọ́ sínú yanrìn tó tẹ̀ lé e. Bí àyẹ̀wò ilẹ̀ bá ti fi amọ̀ yìí hàn yín tẹ́lẹ̀, ẹ ti mọ mítà tí ẹ máa retí rẹ̀.

Ẹrẹ̀ àti omi ìpò ẹrẹ̀. Kí wọ́n má lo omi gọ́tà tàbí ti odò ìdọ̀tí láti po ẹrẹ̀, torí inú kànga yín ló ń lọ tààrà. Ẹ wo abẹ́ rìgì bóyá díísù tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń jò sẹ́bàá kòtò ẹrẹ̀. Bó bá ń jò, kí wọ́n fi abọ́ gbà á tàbí kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹrẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣàn lọ sójú títì tàbí gọ́tà àdúgbò. Tó bá gan síbẹ̀, ẹ̀yin ni CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) máa wá bá, kì í ṣe driller.

Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Bí ilẹ̀ bá ṣú kí iṣẹ́ tó parí, kí wọ́n fi irin tàbí pákó tó wúwo bo ihò náà.

Bí rìgì kò bá lè wọlé. Ní àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ há, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi ọwọ́ yí ọ̀pá, tí wọ́n sì ń fi pọ́ǹpù ti omi wọlé, lè ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Ibi tí wọ́n ti ń ní ìṣòro ni yangí líle, ihò wọn sì máa ń tín-ín-rín, tí gravel kì í fi í rí àyè tó. Gbogbo ohun tí a ń sọ yìí kan àwọn náà: ẹ ka ọ̀pá, ẹ gba yanrìn.

Páìpù: ibi tí ọgbọ́n àrékérekè pọ̀ sí jù

Kí páìpù kankan tó wọlé, ẹ tò wọ́n sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò. Ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Irú páìpù. Páìpù tó nípọn tó lè gba agbára omi ni kó jẹ́, kì í ṣe páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń gbé omi ilé ìgbẹ́. Ìwọ̀n àti agbára rẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀ ní títẹ̀. Èyí tí kò bá ní ohunkóhun lára, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Páìpù fẹ́lẹ́ máa ń tẹ̀ wọnú lábẹ́ ilẹ̀, pọ́ǹpù á sì há sínú rẹ̀ títí ayé.

2. Screen, ìyẹn páìpù oníhò tí omi ń gbà wọlé. Kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n la láti ilé iṣẹ́, tí ojú ihò rẹ̀ dọ́gba. Àwọn kan máa ń fi ayùn gé páìpù lásán lójú yín, wọ́n á ní kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà. Ojú ayùn fẹ̀ ju hóró yanrìn lọ, ibi tí wọ́n gé sì máa ń sán. Àwọn míràn á fi àpò ìrẹsì tàbí aṣọ wé e. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá: aṣọ náà máa ń dí, omi á sì dín kù lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

3. Ibi tí screen máa wà. Ẹ mú àwọn ọ̀rá yanrìn yín wá. Iwájú yanrìn tó tóbi ni screen gbọ́dọ̀ bọ́ sí, kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí iwájú amọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí ọ̀kankan ní ibi omi àkọ́kọ́ lókè. Kí driller ya bí páìpù ṣe máa tò sínú ìwé, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ó sì buwọ́ lù ú. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí páìpù kan tí kò ní ihò wà, pẹ̀lú ìdérí, kí yanrìn tó bá yọ́ wọlé lè rí ibi jókòó.

4. Oríkèé. Èyí tó ní ẹsẹ̀ ìyípo, tí wọ́n ń yí wọ inú ara wọn, ló dáa jù. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò, kí wọ́n nu ojú rẹ̀, kí wọ́n sì dúró kó gan díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìṣó tàbí skúrù tó bá gún wọnú páìpù á máa ha wáyà àti pọ́ǹpù yín lára.

5. Ohun tó ń mú páìpù dúró láàárín ihò. Bí páìpù bá fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, gravel kò ní rí ẹ̀gbẹ́ yẹn gbà. Kí wọ́n so ohun ìdúró mọ́ ọn lára ní ibi mélòó kan, pàápàá níwájú screen.

Lẹ́yìn náà ẹ ka páìpù bó ṣe ń wọlé. Bí kò bá lọ mọ́ ní àárín ọ̀nà, kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n tún ihò náà gbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù lù ú, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gé èyí tó ṣẹ́ kù lókè kí wọ́n ní ó ti tó. Ibi tí mítà 60 ti ń di mítà 48 nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́ nípa ọ̀pá.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́ fúnra yín. Ẹ so irin tó wúwo mọ́ okùn tí kì í nà, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sínú páìpù títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ pé ó ti fúyẹ́, ìyẹn ni pé ó ti kan ìsàlẹ̀. Ẹ fi ìka dí ojú okùn ní ẹnu páìpù, ẹ fà á jáde, ẹ na téèpù sí i. Ẹ wọ̀n ọ́ lójú driller. Bó bá dín ní mítà kan tàbí méjì, ó lè jẹ́ ẹrẹ̀ tó jókòó sísàlẹ̀. Bó bá dín ní mítà 10, ẹ má tíì san owó kẹta.

Gravel àti símẹ́ńtì

Gravel tó dáa jẹ́ òkúta odò róbótó tí wọ́n ti fọ̀, tí hóró rẹ̀ wà láàárín mílímítà 2 sí 4. Granite tí wọ́n fi ń da kọnkéré kì í ṣe gravel borehole. Kí ẹ mọ iye tó yẹ kí wọ́n kó wá, ẹ lo ìṣirò yìí: ihò tó fẹ̀ tó ínṣì 10, tí páìpù inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 140, ń gba nǹkan bíi lítà 35 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Bí gravel bá máa ga tó mítà 25, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 880, ìyẹn bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì oní-lítà 20 bíi 44. Ẹ kà á bí wọ́n ṣe ń dà á. Bó bá jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì 12 péré ló wọlé kó tó kún, gravel ti há sí àárín, ìsàlẹ̀ sì ṣófo. Kí wọ́n rọra máa dà á, kí omi sì máa ṣàn lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìtẹ̀léra rẹ̀ nìyí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí i padà:

1. Gravel dé òkè screen, kó sì kọjá rẹ̀ ní mítà mélòó kan.
2. Fífọ kànga fún ìgbà àkọ́kọ́. Gravel máa ń rọ̀ sílẹ̀ nígbà yìí.
3. Àfikún gravel sí ibi tó rọ̀ sílẹ̀.
4. Amọ̀ lórí gravel, kó dí ọ̀nà omi òkè.
5. Símẹ́ńtì ní mítà 3 tó kẹ́yìn lókè, ó kéré tán.

Símẹ́ńtì yìí ni wọ́n máa ń fò jù. Kò séyìí tó ń hàn, kò sì ní dí omi lọ́wọ́ kó má jáde, nítorí náà onílé kì í bínú. Àbájáde rẹ̀ ni pé omi sọ́káwéè àti omi òjò á máa tẹ̀ lé ara páìpù sọ̀ kalẹ̀ tààrà, gbogbo mítà 60 tí ẹ sanwó rẹ̀ kò sì wúlò mọ́. Lára àwọn kànga gáàsì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, páìpù àkọ́kọ́ àti símẹ́ńtì tó yí i ká wà níbẹ̀ láti dáàbò bo omi mímu àwọn ará àdúgbò. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe níbí.

Àpò símẹ́ńtì kan pẹ̀lú nǹkan bíi lítà 25 omi, láìsí yanrìn, ń di bíi lítà 40. Mítà 3 nínú ihò tí a ṣírò lókè gba lítà 105. Nítorí náà àpò 3 ni. Kí wọ́n fi páìpù kékeré rán an dé ìsàlẹ̀ kó máa kún bọ̀ sókè, kì í ṣe kí wọ́n fi páànù da lé orí omi. Wákàtí 24 ni kí ẹ fi sílẹ̀ kó gan.

Lókè ilẹ̀, kí páìpù yọ sókè tó sẹ̀ntímítà 30, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí àgbàrá ti ń dé. Kí wọ́n da kọnkéré yí i ká, kí ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi lè máa ṣàn kúrò lára rẹ̀.

Fífọ kànga àti wíwọn omi

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ omi jáde. Wákàtí mélòó kan ni iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ìṣẹ́jú 20. Ẹ gba omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ yí i pẹ̀lú ọwọ́, ẹ jẹ́ kó dúró. Bí yanrìn bá kóra jọ sáàárín, kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ lọ. Bí ẹ bá rí ọ̀rá tó ń dán lórí omi, ó lè jẹ́ ọ́ìlì kọ̀mpúrẹ́sọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi pọ́ǹpù fa omi, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀:

- bí omi ṣe jìn tó sí ẹnu páìpù kí pọ́ǹpù tó bẹ̀rẹ̀
- ibi tó sọ̀ kalẹ̀ dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́
- àkókò tó gbà kó tó padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀

Bí dúrọ́ọ̀mù lítà 200 bá kún ní ìṣẹ́jú 4, lítà 3,000 ni ní wákàtí kan. Ìyẹn tó ilé ńlá lò. Nǹkan mẹ́ta yìí ló máa sọ irú sumo (pọ́ǹpù tó ń wà nínú omi kànga) tí ẹ máa rà, nítorí náà ẹ má ra sumo kí ẹ tó wọ̀n ọ́. Kí sumo wà lókè screen, kó sì rì dáadáa sábẹ́ ibi tí omi ń sọ̀ kalẹ̀ dé. Kò gbọ́dọ̀ jókòó sísàlẹ̀ pátápátá.

Omi tí ẹ máa mu

Kẹ́míkà chlorine la fi ń pa kòkòrò inú kànga tuntun. Páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 150 ń gba bíi lítà 17.7 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Bí omi inú rẹ̀ bá ga tó mítà 40, ó tó lítà 700, gíráàmù 50 HTH (chlorine líle tí wọ́n ń tà) tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 sì tó fún un. Ẹ pò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ní ìta gbangba, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ dà á sí i, kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì ẹ fà á dànù títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.

Lẹ́yìn tí òórùn bá ti lọ tán ni kí ẹ gba omi fún láàbù. Ìgò tí láàbù fún yín ni kí ẹ lò, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín, kó dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà, NIS 554, ni kí ẹ fi wé èsì:

- pH (bí omi ṣe kan tó): 6.5 sí 8.5. Omi tiwa sábà máa ń wà nísàlẹ̀ èyí, ó sì máa ń jẹ páìpù irin.
- Irin: kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 0.3 lọ ní lítà kan.
- Chloride (ó ń fi iyọ̀ inú omi hàn): kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 250 lọ ní lítà kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà létí ọ̀sà àti ará Àgbádárìgì, ẹ wo ibí yìí dáadáa.
- Nitrate: kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ ní lítà kan. Tó bá ga, ó ṣeé ṣe kí sọ́káwéè ti máa wọlé.
- E. coli (kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá): òdo nínú mìlílítà 100.

Kí èsì láàbù tó dé, ẹ bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ bò ó, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Bó bá mọ́ nígbà tí ẹ bù ú, tó wá pọ́n bí ìpata láàárọ̀, irin ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi driller, ilẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Fífẹ́ atẹ́gùn sí omi kó tó kọjá sínú àsẹ́ yanrìn ló ń yanjú rẹ̀. Chloride tó ga kò ní irú àtúnṣe kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ bi driller bóyá screen rẹ̀ bọ́ sí iwájú omi iyọ̀, kí ẹ gbé àwòrán páìpù tó buwọ́ lù jáde.

Bí ihò náà kò bá ṣeé lò

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé amọ̀ nìkan ló jáde, tàbí kí omi jẹ́ iyọ̀, tàbí kí ihò wó. Kí àdéhùn yín ti sọ ẹni tó máa gbé ẹrù rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní òpópónà tí gbogbo ilé ti ní borehole tiwọn, ẹ lè bá aládùúgbò tí omi tirẹ̀ dáa ṣàdéhùn kí ẹ jọ máa lò ó, kí ẹ jọ máa ra díísù. Ó ń dín owó kù fún àwọn méjèèjì, ó sì ń dín iye ihò tó ń la amọ̀ kọjá ládùúgbò kù.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí driller kó rìgì rẹ̀ lọ kó fi ihò tó kùnà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má sì sọ ọ́ di ibi ìdàdọ̀tí tàbí sọ́káwéè. Ọ̀nà tààrà ni ihò náà jẹ́ sínú omi tí gbogbo àdúgbò ń mu. Kí wọ́n fi amọ̀ kún un láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi símẹ́ńtì parí mítà 3 tó kẹ́yìn, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ tó bu owó kankan fún wọn.